Ta Lọ̀gá Ẹ? Ibi Tí Ẹ̀kọ́ Fíìmù Ti Wọ Yunifásítì Wa

Ẹ bi ọmọ tó ń ka ìmọ̀ fíìmù ní yunifásítì lónìí pé níbo ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀. Mósíkò ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, níbi tí wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ìjọba sílẹ̀ lọ́dún 1919. Bó bá tún ronú díẹ̀, yóò ní yunifásítì kan ní Los Angeles, 1929. Òótọ́ ni, fún àwọn ará Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà. Bó bá jẹ́ ti ilẹ̀ wa la ń sọ, èmi ò gbà. Ọ̀dọ̀ alárìnjó, àwọn eléré tó ń gbé eré láti ìlú dé ìlú, ló ti ṣẹ̀, Ìbàdàn ló sì gbà á wọ yunifásítì. Ẹni tó bá ní Jọs ni, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ìjọba àpapọ̀ wà, kó fara balẹ̀, a máa dé Jọs.

Ọ̀yọ́ ni kí a ti mú un. Láyé Aláàfin Abípa, ọba fẹ́ kó ìlú kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Àwọn ìjòyè tí ọ̀rọ̀ Ìgbòho ti bá lára mu ò fẹ́. Àlùfáà Samuel Johnson, tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá, ló kọ ìyókù sílẹ̀ fún wa: wọ́n ṣa abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, arọ àti aràrá jọ, wọ́n ní kí wọ́n ṣáájú àwọn ìránṣẹ́ ọba dé ahoro ìlú náà, kí wọ́n máa ké lóru pé, "Kò sí àyè! Kò sí àyè!" Àwọn ìránṣẹ́ gbọ́, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, wọ́n wá sọ fún ọba pé iwin ti gba ilẹ̀ baba rẹ̀. Ọba ò bá wọn jiyàn. Ó rán ọdẹ lọ, àwọn ọdẹ sì kó àwọn iwin wá láàyè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe Abípa ní Ọba M'ọ́rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀, ìyẹn ọba tó mú iwin.

Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn kan jókòó, wọ́n yan ẹni tí yóò ṣe é nítorí ìrísí rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, wọ́n yan òru, wọ́n yan ibi tí ohùn yóò ti dún dáadáa. Kí ló kù? Kámẹ́rà nìkan ló kù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì ló mú ìtàn yìí dé ibi tó yẹ kó dé. Iṣẹ́ ìwádìí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1969, orí alárìnjó ló dá lé. Ó ní ààfin ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ àwọn iwin yẹn di eré, ó sì fi Ológbìn Ológbòjò ṣe baba àwọn eégún aláré, ìyẹn alárìnjó ìgbà náà. Àwọn kan ti bá a jiyàn pé ó gba ìtàn ẹnu gbọ́ jù. Kí wọ́n wá mú tiwọn wá.

Nínú ẹgbẹ́ eégún aláré, ìdílé ni ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ á gbé àpò tẹ̀lé bàbá rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Á kọ́ ìlù, á kọ́ òkìtì, á kọ́ ìwì, á kọ́ bí a ṣe ń yí agọ̀, aṣọ eégún, padà láìjẹ́ kí òǹwòran rí ọwọ́. Èmi a máa rò ó pé ẹni tó kọ́kọ́ yí agọ̀ po lójú agbo, tí ènìyàn fi di ọ̀nì kí èrò tó ṣẹ́jú, ó ti ṣe iṣẹ́ tí àwọn tó ń ṣe ẹ́dítìn ń fi kọ̀ǹpútà ṣe lónìí. Mi ò lè mú ẹlẹ́rìí wá, ṣùgbọ́n ta ni yóò ní irọ́ ni?

Fún tìgbà tó tún sún mọ́ wa, ẹlẹ́rìí wà. Lọ́dún 1826, òyìnbó arìnrìn-àjò náà, Clapperton, jókòó wòran ní Ọ̀yọ́ Ilé. Ejò ńlá jáde láti inú àpò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ àpò díẹ̀díẹ̀ lára ẹlòmíràn, ni òyìnbó bá yọ, funfun bí ìda àbẹ́là, ó gbẹ, òtútù ń mú un. Ó ń fín áṣáà, ó ń fọwọ́ rawọ́, ó sì ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò wọ bàtà rí tí òkúta ń gún lẹ́sẹ̀. Àwọn èrò ń wo òyìnbó eré, wọ́n ń yíjú wo òyìnbó tòótọ́ bóyá ó jọ ọ́. Clapperton fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ẹ sọ fún mi pé ẹni tó kọ́ òṣèré yẹn kì í ṣe olùkọ́.

Orúkọ náà, "alárìnjó", ẹni tó ń rìn tó ń jó, èébú ló jẹ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, bíi "alágbe". Kí n sì tún fi kún un: àwọn tó ń sọ pé Yorùbá ò lọ́rọ̀ fún sinimá, wọn ò ronú. Ìran ńkọ́? A ń wòran, a jẹ́ òǹwòran, ìran àpéwò wà. Nígbà tí sinimá àkọ́kọ́ dé Glover Hall l'Ékòó ní oṣù kẹjọ ọdún 1903, ọ̀rọ̀ ti ń dúró dè é.

Àwọn kan lè ní Àkrà ni ẹ̀kọ́ fíìmù wa ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ò gba àlàyé púpọ̀. Ìjọba amúnisìn kó ọmọ mẹ́fà jọ síbẹ̀ lọ́dún 1948, mẹ́ta láti Nàìjíríà, mẹ́ta láti Gold Coast (Gánà òde òní), wọ́n sì kọ́ wọn ní iṣẹ́ fíìmù. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń wá, wọ́n sì rí i. Yunifásítì kọ́ nìyẹn.

Ohun tó ṣe pàtàkì ní àsìkò kan náà ni pé Hubert Ògúndé, tó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí, ti dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀ láàárín 1944 sí 1945, ó sì ń gbé e káàkiri bíi alárìnjó. Inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ṣẹ́: lẹ pósítà láàárọ̀, ru ìlù lọ́sàn-án, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé lálẹ́ kí o máa kọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá sórí, torí ọjọ́ tí ẹnì kan bá ṣàìsàn ni ọjọ́ rẹ.

Lọ́dún 1962 ni Ilé-ẹ̀kọ́ Eré bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Owó àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà ni wọ́n fi dá a sílẹ̀, Geoffrey Axworthy sì ni olórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e ni mo fi ń jà: wọ́n pe Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọ̀gá ẹgbẹ́ eré alárìnkiri, pé kó wá máa bá wọn gbé. Àwọn ìwé kan ní wọ́n fẹ́ fún un ní ìmọ̀ òde òní ni. Ẹ̀rín ń pa mí. Àbájáde rẹ̀ ni eré Ọ̀mùtí, látinú ìwé Amos Tutùọlá, tí wọ́n gbé sórí ìtàgé lọ́dún 1963, Demas Nwoko ló ṣe ọnà rẹ̀. Ọmọ yunifásítì tó jókòó wo bí Ògúnmọ́lá ṣe ń fi ojú lásán pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ta ló kọ́ ta?

Ìyókù yá kánkán. Wọ́n yan Wọlé Ṣóyínká ṣe olórí lọ́dún 1967, ìjọba jù ú sẹ́wọ̀n, Adédèjì sì di ilé-ẹ̀kọ́ náà mú. Ilé-ẹ̀kọ́ náà di ẹ̀ka Theatre Arts, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ eré, lọ́dún 1970. Ọlá Balógun, tó kọ́ fíìmù ní Paris, ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, ó sì fi Dúró Ládiípọ̀ àti Adé Lọ́ọ̀fù, àwọn ọ̀gá eré alárìnkiri, ṣe Àjàní Ògún lọ́dún 1976, fíìmù Yorùbá àkọ́kọ́. Jọs ńkọ́? Ọdún 1995 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Hyginus Ekwuazi tó darí iléeṣẹ́ fíìmù ìjọba níbẹ̀, Ìbàdàn ló ti ń kọ́ni tẹ́lẹ̀. Ẹ gbọ́ ná.

Lónìí, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ fíìmù pọ̀ káàkiri. Níbi tí èmi ti kàwé, a mọ ọdún tí wọ́n bí gbogbo àgbà fíìmù ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n ọdún kẹta la tó fọwọ́ kan kámẹ́rà, ọ̀kan ṣoṣo fún ọmọ mẹ́rìnlélógún, bátìrì rẹ̀ kì í sì í pé ogún ìṣẹ́jú.

Mo gba ìwé ẹ̀rí, mo gba oko eré kan, ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, lọ ní ọ̀nà Abẹ́òkúta láti wáṣẹ́. Darẹ́kítọ̀ náà jókòó sórí àpótí iná, ó ń jẹ búrẹ́dì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo na ìwé ẹ̀rí sí i. Kò gbà á.

"Ta lọ̀gá ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, yunifásítì ni mo ti kọ́ ọ."

Ó gbé búrẹ́dì mì. "Mo gbọ́. Mo ní, ta lọ̀gá ẹ?"