Ẹní tí sẹ́ẹ̀lì ọmú jókòó lé

Bí aláró kan ní Òṣogbo bá mú aṣọ funfun méjì, tó fi iko di ọ̀kan ní kókó-kókó, tó fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó wá rẹ méjèèjì sínú ìkòkò aró kan náà, ohun tí yóò sá sórí okùn kò ní jọra. Ọ̀kan á dú láti etí dé etí. Èkejì á yọ òṣùpá funfun sára. Aró ò yàtọ̀, òwú ò yàtọ̀; ibi tí iko ti fún aṣọ mọ́ra ni aró ò ráyè wọ̀. Ohun tó jọ èyí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọmú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iko tibẹ̀ kì í ṣe ohun tí ojú lásán lè rí.

Jíìnì, ìyẹn àṣẹ tó ń sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì máa ṣe, bí 20,000 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Àwọn tí sẹ́ẹ̀lì ojú ní náà ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní, àwọn náà ni ti ọmú ní. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ojú ewé tí kálukú ń kà nínú ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ ni. Sẹ́ẹ̀lì ọmú ló ń ṣí ibi tí wọ́n kọ casein sí, ìyẹn purotéènì tó pọ̀ nínú wàrà. Ta ló ń ní kó ṣí i? Họ́mọ̀nù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa dárúkọ, pàápàá prolactin, tó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ aboyún àti ìyá ọlọ́mọ. Wọn ò purọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ṣì kù.

Àwo ike ló tú àṣírí. Bí wọ́n bá yọ sẹ́ẹ̀lì láti inú ọmú eku tó lóyún, tí wọ́n kó o sínú àwo ike pẹrẹsẹ, tí wọ́n ń fún un ní oúnjẹ àti họ́mọ̀nù mẹ́ta, insulin, hydrocortisone àti prolactin, kò ní kú. Á kàn tẹ́ bẹẹrẹ bí ògì tó dà sílẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí kò fi ní ṣe wàrà mọ́. Jíìnì rẹ̀ pé, họ́mọ̀nù rẹ̀ pé. Ibi tó ń gbé nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1977, Joanne Emerman àti Dorothy Pitelka gbé irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ sórí collagen, purotéènì kan tó máa ń wà láyìíká sẹ́ẹ̀lì nínú ara, tó dì bí ẹ̀kọ. Nígbà tí ẹ̀kọ yìí lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àwo, kò sí àǹfààní gidi kan. Nígbà tí wọ́n ṣí i kúrò nílẹ̀ tó wá ń léfòó, ó sún kì, ó rọ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì sì dìde padà bí sẹ́ẹ̀lì ọmú. Collagen kan náà o! Pé ó rọ̀, pé ó ṣeé fà, ìyẹn nìkan ti jẹ́ ọ̀rọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì.

Nínú ara, sẹ́ẹ̀lì kì í dá gbé. Àwọ̀n kan yí i ká, àwọn sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn ló sì hun ún. Collagen tó yi bí okùn wà níbẹ̀, purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ fibronectin wà níbẹ̀. Lábẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe wàrà, àwọ̀n yìí di ohun kan bí ẹní tẹ́ẹ́rẹ́, tí purotéènì tó ń jẹ́ laminin pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tò yíká ihò kékeré kan, ìdí wọn sí apá ẹní, ojú wọn sí ihò. Inú ihò yẹn ni wọ́n ń da wàrà sí. Bí wọ́n bá fi laminin sínú àwo níbi tí sẹ́ẹ̀lì eku wà, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á kó ara jọ róbótó, wọ́n á dá ihò sí àárín, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú casein sínú rẹ̀.

Báwo ni ẹní ṣe ń bá jíìnì sọ̀rọ̀? Integrin ni agbọ̀rọ̀sọ. Ó gba inú awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá: apá kan rẹ̀ di laminin mú níta, apá kejì so mọ́ àwọn okùn inú sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n fà dé ibi tí DNA, ìwé tí wọ́n kọ jíìnì sí, wà. Nígbà tí integrin bá di laminin mú dáadáa, sẹ́ẹ̀lì tó lè gbọ́ ohùn prolactin délẹ̀. Ohùn yẹn ń jí purotéènì kan tó ń jẹ́ STAT5, tó máa wọlé lọ bá DNA, tó sì máa dúró síbẹ̀ pẹ́. Lórí ike, STAT5 á jí fún ìgbà díẹ̀, á tún sùn. Nínú jíìnì casein ti màlúù, wọ́n rí abala kan tó gùn tó lẹ́tà 160, BCE-1 lorúkọ rẹ̀: prolactin nìkan kò lè tan án, laminin nìkan kò lè tan án, àfi kí méjèèjì dé.

Níbí ni òwe aláró ti yẹ̀. Aṣọ kì í hun iko tí wọ́n fi dì í, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ń hun àwọ̀n tó ń pàṣẹ fún un. Mina Bissell, ọmọ Ìráànì tó lọ ṣiṣẹ́ ní Berkeley ní Amẹ́ríkà, ló gbé èrò yìí síta pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1982: jíìnì ń sọ̀rọ̀ sí àwọ̀n, àwọ̀n ń fèsì. Nígbà tí ìyá kan ní Òkè-Fíà bá já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú, àwọn ẹ́ńsáìmù inú ọmú rẹ̀ máa ń gé ẹní náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Sẹ́ẹ̀lì tí ẹní bá bọ́ lábẹ́ rẹ̀ kò ní ṣe wàrà mọ́. Púpọ̀ wọn á kú, ọmú á sì padà sí bó ṣe rí kí oyún tó dé.

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ló wá mú kí àwọn tó ń ṣiyèméjì nípa èrò Bissell dákẹ́ díẹ̀. Ní 1997, ẹgbẹ́ Bissell mú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú ènìyàn, wọ́n gbìn ín sínú àwọ̀n tí laminin kún, ó sì ń hù rúdurùdu bó ṣe máa ń hù. Wọ́n wá fi antibody kan, ìyẹn purotéènì tó máa ń lẹ̀ mọ́ ohun kan pàtó, dí ẹnu integrin tó ti ń pariwo jù lára rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà rọlẹ̀, wọ́n tò róbótó bí ọmọlúàbí, wọn ò pọ̀ sí i mọ́. Jíìnì wọn tó ti bàjẹ́ ò yí padà rárá. Nígbà tí wọ́n mú antibody kúrò, jẹjẹrẹ tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.