Géèjì nínú króṣé, àti ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má fi tọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀

Géèjì tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti fọkanáísà o, èyí tí wọ́n fi ń wo afẹ́fẹ́ táyà. Ti àwa tá à ń ṣe króṣé ni, àwa tá à ń fi pínnì tórí ẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ hun òwú di aṣọ, mi ò sì ní í purọ́ fún yín, ó tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń di pínnì mú kí n tó mọ̀ pé ó wà rárá, torí téèyàn bá ń wo fídíò lórí YouTube, ibi tí wọ́n ti ń dárúkọ ẹ̀ gan-an la máa ń fò kọjá ká lè tètè débi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Òun náà ni mo fi máa ń sọ pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fi tọ́ọ̀pù sílẹ̀, kó fi mọ́fúlà tí wọ́n ń wé mọ́ ọrùn bẹ̀rẹ̀.

Kò le. Géèjì ni iye ojú tó wà nínú íńṣì 4 níbùú, àti iye ìlà tó wà nínú íńṣì 4 lóòró. Ojú ni mò ń pe stitch o, bí ojú àwọ̀n. Àwọn tó ń lo sẹ̀ǹtímítà máa ń kọ ọ́ sí 10 cm, nǹkan kan náà ni. Ẹni tó kọ pátáànì, ìyẹn ìwé tó ń sọ iye ojú tẹ́ ẹ máa ṣe, á ti sọ ọ́ sókè níbẹ̀ pé òun rí ojú 16 nínú íńṣì 4 pẹ̀lú pínnì 5 mm, gbogbo nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá sì rí nísàlẹ̀ pátáànì yẹn, orí ojú 16 yẹn ló dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí n fi kóńgò ṣàlàyé ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ ra gàrí ní Bódìjà, kóńgò ìyá yìí àti ti ìyá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kì í dọ́gba, ọ̀kan ti gbá ìdí tiẹ̀ wọnú, ìkejì ń fọwọ́ rọ gàrí lé e títí á fi ga. Kóńgò mẹ́wàá lẹ kà lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ẹ délé, àpò kan kún, èkejì ò kún. Bẹ́ẹ̀ lojú króṣé ṣe rí. Ọwọ́ ẹlòmíì le, á fa òwú gírígírí, ojú á kéré, ọwọ́ ẹlòmíì rọ̀, ojú á fẹ̀. Pátáànì kan náà, òwú kan náà, pínnì kan náà, iye ojú kan náà lẹ kà, aṣọ méjèèjì ò ní í dọ́gba, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó jalè níbẹ̀.

Èmi fojú ara mi rí i. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dáwọ́ lé, tọ́ọ̀pù ni. Mo lọ ra wúùlù dúdú ní Ògùnpa, ìyá tó ń tà á ní "ṣó o ti ṣe é rí?" mo ní "rárá mà, àkọ́kọ́ nìyí", ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, ó ní "ọmọ mi, mú funfun, kó o lọ fi ṣe mọ́fúlà". Mi ò gbọ́. Pátáànì ní kí n ṣe ojú 80 níwájú, ojú 80 lẹ́yìn, ojú 16 sí íńṣì 4. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ojú 4 nínú íńṣì kan, 80 á jẹ́ íńṣì 20, tiwájú tẹ̀yìn 40, àyà mi sì jẹ́ 38, ó yẹ kó gbà mí. Àmọ́ ọwọ́ mi le, ojú 20 ni mò ń há sínú íńṣì 4 láìmọ̀, ìyẹn 5 nínú íńṣì kan, ojú 80 yẹn wá di íńṣì 16, tiwájú tẹ̀yìn 32. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, wọ́n á mú iná lọ màá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, wúùlù dúdú lóru, tí mi ò rí ojú tí mò ń ki pínnì bọ̀. Ọjọ́ tí mo rán an pọ̀ tí mo fẹ́ wọ̀ ọ́, orí wọlé, apá wọlé pẹ̀lú wàhálà, àyà kọ̀. Àbúrò mi tó wà ní JSS 2 ló ń wọ̀ ọ́ báyìí, kò sì kí mi kú iṣẹ́.

Fẹ́ni tó ti mọṣẹ́, ó níbi tí wọ́n ń gbé e gbà. Ẹ ó kọ́kọ́ ṣe igun mẹ́rin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní swatch, kó tó íńṣì 6, torí etí aṣọ máa ń súnkì, àárín lẹ ti máa wọ̀n ọ́n. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá gbé téèpù télọ̀ lé e, kẹ́ ẹ ka ojú. Tójú bá pọ̀ ju ti pátáànì lọ, ẹ mú pínnì tó tóbi díẹ̀ sí i, bíi 5.5 mm, tó bá kéré, ẹ mú èyí tó kéré. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ fi agídí dẹwọ́, torí tọ́rọ̀ bá ti ń dùn lẹ́nu yín, ọwọ́ á padà síbi tó mọ̀.

Ibi tó ti kan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọwọ́ ẹ ò tíì dúró síbì kan. Lónìí ẹ̀ ń bẹ̀rù, òwú ń há, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ara ti balẹ̀, ó ti ń dẹ̀, swatch tẹ́ ẹ ṣe lónìí ti di irọ́ nìyẹn. Ṣé ẹ wá rí i pé kì í ṣe pé tọ́ọ̀pù le ni mo fi ní kẹ́ ẹ fi í lẹ̀, tọ́ọ̀pù kan wà tó jẹ́ pé single crochet, ojú tó rọrùn, lásán ni látòkè délẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé ara èèyàn ní iye, mọ́fúlà ò ní. Mọ́fúlà tó yẹ kó fẹ̀ ní íńṣì 8 tó wá jẹ́ 7, ta ló fẹ́ gbé téèpù sọ́rùn yín nínú ọyẹ́? Ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ọ̀pù lé náà dáa, ó sì yá, ìrọ̀lẹ́ kan ti tó. Tó bá jẹ́ èyí tẹ́ ẹ máa fi sọ ìkòkò kalẹ̀ lẹ fẹ́ ṣe, cotton ni kẹ́ ẹ rà o, acrylic, òwú tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ bí ọ̀rá, máa ń yọ́ tó bá kan nǹkan gbígbóná. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ṣe bàtà ọmọ ìkókó torí ó kéré. Mi ò gbà. Kékeré ẹ̀ gan-an ni wàhálà, pínnì ò ríbi yí.

Ohun tẹ́ ẹ máa rà fún mọ́fúlà yìí ò pọ̀: òwú tó mọ́lẹ̀ láwọ̀, tó ń dán, tí kò nírun, tí wọ́n kọ nọ́ńbà 4 sára bébà ẹ̀, ìyẹn bó ṣe nípọn tó, pínnì 5 tàbí 5.5 mm, ó parí. Kẹ́ ẹ tún wò ó bóyá pátáànì yín ti Amẹ́ríkà ni tàbí ti ìlú Ọba, torí ohun tí Amẹ́ríkà ń pè ní single crochet, double crochet làwọn ti ìlú Ọba ń pè é.

Tí mọ́fúlà bá ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ bíi ṣóńṣó ìbọn, kì í ṣe géèjì nìyẹn, ẹ ti ń gbàgbé ojú tó gbẹ̀yìn ìlà. Ẹ so òwú aláwọ̀ mìíì mọ́ ojú àkọ́kọ́ àti ojú ìkẹyìn, kẹ́ ẹ máa kà á.

Tẹ́ ẹ bá wá parí ẹ̀, ẹ gbé téèpù lé íńṣì 4 níbẹ̀rẹ̀, ẹ ka ojú, ẹ gbé e lé íńṣì 4 nípàrí, ẹ tún kà á. Tí méjèèjì bá ti bára mu, ẹ lè lọ ra wúùlù tọ́ọ̀pù. Ti mọ́fúlà tèmi, ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 20, ìparí jẹ́ 17, etí kan fẹ̀ ju èkejì lọ, mo sì ń wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.