Ọ́síràkọ́nì: Àpáàdì Tí Àwọn Ará Íjíbítì Ayé Àtijọ́ Sọ Di Ìwé

Ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tó ń ṣèwádìí nípa Íjíbítì ayé àtijọ́, ìyẹn ni ọ́síràkọ́nì. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, kò sì ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti mọ ohun tó jẹ́, nítorí àpáàdì ni, irú èyí tí àwọn ìyá wa àgbà fi ń lọ fọnná nílé aládùúgbò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àpáàdì ni àwọn onímọ̀ wọ̀nyí ní lọ́kàn, bí kò ṣe èyí tí ẹnì kan kọ̀wé tàbí tó ya àwòrán sí, wọ́n sì ti ka àfọ́kù òkúta ẹfun pẹlẹbẹ mọ́ ọn.

Pápírọ́ọ̀sì, tí wọ́n fi koríko etí odò ṣe, ni ìwé gidi láyé ìgbà náà, ṣùgbọ́n owó ń bẹ lórí rẹ̀, ta ni yóò sì ra ìwé nítorí àtirántí iye aṣọ tó wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀? Ilẹ̀ ni àpáàdì wà, ọ̀fẹ́ ni. Akọ̀wé á ṣa ọ̀kan, á ti kálàmù rẹ̀ bọ inú tàdáwà tí wọ́n fi èédú ṣe, á sì kọ ohun tó fẹ́ kọ. Kì í ṣe àwòrán ẹyẹ àti ejò tó wà lára ògiri tẹ́ńpìlì ni yóò kọ, bí kò ṣe ìkọ̀wé wéréwéré kan tí a ń pè ní hieratic. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti parí, ààtàn ló kàn.

Abúlé kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ́síràkọ́nì tí a mọ̀ ti wá, Deir el-Medina, ní ìwọ̀-oòrùn odò Náílì, níbi tó dojú kọ ìlú Luxor òde òní. Àwọn tó ń gbẹ́ ibojì àwọn Fáráò sínú àpáta ló ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ wọn, ìdí sì nìyẹn tí àfọ́kù òkúta fi pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Abúlé náà kò ní omi, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń ru omi gòkè lọ bá wọn. Ìgbà kan wà tí wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn kan, ó jọ pé omi ni wọ́n ń wá, àmọ́ wọn kò kàn án, kòtò náà sì di ibi ìdalẹ̀sí. Nígbà tí àwọn ará Faransé tí Bernard Bruyère ṣáájú, tí wọ́n walẹ̀ níbẹ̀ láti 1922 sí 1951, dé inú kòtò yìí, ọ́síràkọ́nì tí wọ́n kó jáde níbẹ̀ lé ní 5,000.

Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé ìpèníṣẹ́ ni, ti ọdún 40 ìjọba Ramesses Kejì, ìyẹn nǹkan bí ọdún 1240 ṣáájú ìbí Krístì. Orúkọ òṣìṣẹ́ 40 ló wà níbẹ̀, tàdáwà dúdú ni wọ́n fi kọ ọjọ́ tí oníkálukú kò wá, pupa ni wọ́n sì fi kọ ìdí rẹ̀ sókè. Àkéekèé ta ẹnì kan. Ojú ń dun òmíràn. Òkú ẹbí ẹlòmíì ló ń tọ́jú. Ìyàwó tàbí ọmọbìnrin ẹnì kan ń ṣe nǹkan oṣù, òun náà sì dúró sílé. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé bíà ni wọ́n ń pọn. Kí ẹnikẹ́ni má fi ti bíà rẹ́rìn-ín, oúnjẹ òòjọ́ ni fún wọn. Ní tèmi, òkúta yìí sọ ohun tó pọ̀ fún mi nípa àwọn ènìyàn náà ju gbogbo wúrà inú ibojì ọba wọn lọ.

Ti alágbàfọ̀ tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe àwàdà. Wọ́n rí ọ́síràkọ́nì tó jẹ́ pé àwòrán aṣọ ni wọ́n yà sí i, tí wọ́n sì tó àmì tótòtó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti fi ka iye rẹ̀, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè mọ ohun tó gbà.

Èyí tó wà ní Chicago ní tirẹ̀, ẹjọ́ gbèsè ni. Ní ọdún 17 ìjọba Ramesses Kẹta, òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Menna ta ìkòkò ọ̀rá kan láwìn fún Mentmose, tó jẹ́ olórí àwọn ọlọ́pàá. Kò tíì sí owó wẹ́wẹ́ nígbà náà, ọjà ni wọ́n fi ń san ọjà, nítorí náà Mentmose ṣèlérí pé ọkà báálì ni òun yóò fi san án, ó tilẹ̀ fa onídùúró kalẹ̀. Menna gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí nǹkan gbà. Ó tún pe ẹjọ́ náà ní ọdún kẹta Ramesses Kẹrin, lẹ́yìn tí gbèsè náà ti pé ọdún 18, olórí ọlọ́pàá sì fi orúkọ ọba búra pé bí òun kò bá san án kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, kí wọ́n na òun ní ẹgba 100, kí òun sì san án ní ìlọ́po méjì.