Ta Ló Ni Àṣẹ ní Sẹ́mínárì? Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ìṣàkóso Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Òjíṣẹ́ Ọlọ́run

Ìbéèrè: Ọ̀gá àgbà wà, ìgbìmọ̀ alákòóso wà, ìjọ tó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ náà sì wà. Kí ló dé tó fi ṣòro láti mọ ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìdáhùn: Ìdí ni pé iṣẹ́ méjì ni sẹ́mínárì ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jẹ́ apá kan ìjọ, níbi tí a ti ń tọ́ àwọn tí yóò di alùfáà tàbí pásítọ̀. Ó sì tún jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ń ṣe ìdánwò, tó sì ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí. Lójú ìjọ, òjíṣẹ́ tí a rán níṣẹ́ ni ọ̀gá àgbà, a sì lè pè é padà gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣí pásítọ̀ nípò láti ìlú kan sí òmíràn. Lójú àwọn olùkọ́, olórí àwọn ọ̀mọ̀wé ni, kò sì gbọdọ̀ dá nǹkan ṣe lórí ẹ̀kọ́ àti ìdánwò láìjẹ́ pé gbogbo wọn fẹnu kò. Kò sí èyí tó jẹ̀bi nínú méjèèjì. Ọjọ́ tí wàhálà máa ń dé ni ọjọ́ tí ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò àbáwọlé bá mú lẹ́tà bíṣọ́ọ̀bù dání wá, tí bíṣọ́ọ̀bù náà sì wà lára àwọn tí yóò jókòó lóṣù tó ń bọ̀ láti pinnu bóyá ọ̀gá àgbà yóò lo sáà kejì.

Ìbéèrè: Ṣé báyìí ló ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sẹ́mínárì Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1898, àwọn kan náà ló ń kọ́ni, tó ń wá owó, tó sì ń pàṣẹ. Irú ìṣàkóso bẹ́ẹ̀ rọrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn àwọn ọmọ onílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ròkè nínú rẹ̀. Ní 1948, ilé-ẹ̀kọ́ náà so mọ́ sẹ́mínárì Southern Baptist ní Louisville ní Amẹ́ríkà kí ó lè máa fúnni ní dìgírì. Ọdún yẹn kan náà ni Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, tí òun náà ń fi orúkọ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù fúnni ní oyè. Láti ìgbà náà ni èdìdì ìwé-ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ ẹnìkan, tí àpò owó sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀, ìjọ gba àpò, ṣùgbọ́n èdìdì kò bá a dé. Lónìí, ọ̀pọ̀ sẹ́mínárì ló so mọ́ yunifásítì kan kí NUC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó yunifásítì, lè ka dìgírì wọn sí. Àwọn kan tún ń ṣílẹ̀kùn fún àyẹ̀wò ACTEA, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1976 fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn Kristẹni ní Áfíríkà. Olúkúlùkù wọn ló ń béèrè ìjábọ̀ tirẹ̀.

Ìbéèrè: Bí ìjọ méjì bá jọ ni ilé-ẹ̀kọ́ kan ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ wo Kọ́lẹ́ẹ̀jì Immanuel ní Ìbàdàn, tí Ìjọ Anglican àti Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀ ní 1958. Ìrètí ìgbà náà ni pé àwọn méjèèjì àti Ìjọ Presbyterian yóò di ìjọ kan ṣoṣo. Ètò náà ku díẹ̀ kó yọrí ní oṣù Kejìlá 1965 kó tó fọ́. Ìgbéyàwó kò wáyé, ṣùgbọ́n ọmọ ti wà nílẹ̀. Òbí kọ̀ọ̀kan sì ní ọmọ tirẹ̀ lọ́tọ̀: Anglican ní sẹ́mínárì Vining ní Àkúrẹ́ àti Crowther ní Abẹ́òkúta, Mẹ́tọ́díìsì ní èyí tó wà ní Ṣágámù. Ìgbàkigbà tí owó tàbí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọ́n, ohun ti ara ẹni lèèyàn kọ́kọ́ ń rántí ṣáájú ohun àjọni. Ní tèmi, pé Immanuel ṣì dúró títí di òní jọ mí lójú ju àléébù èyíkéyìí tí a lè rí níbẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe owó ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀?

Ìdáhùn: Owó ń dunni lóòótọ́. Ìjọ Onítẹ̀bọmi dá Yunifásítì Bowen sílẹ̀ ní Ìwó ní 2001, Anglican dá ti Ajayi Crowther sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 2005, àpò ìjọ kan náà sì ni gbogbo wọn ń wò. A kò sì lè bu owó tí à ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ òfin lé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ ṣe pásítọ̀ ní abúlé. Síbẹ̀, ẹni tó bá sọ pé owó nìkan ni ìṣòro ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Oṣooṣù ni à ń san owó oṣù. Bí ó bá jẹ́ ìpàdé ìjọ tó ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ọ̀gá àgbà tó lè fi náírà díẹ̀ kún owó ilé-ẹ̀kọ́, gbèsè yóò ti dé ọrùn kí ìyọ̀ǹda tó dé.

Ìbéèrè: Ṣé kí a wá kó gbogbo àṣẹ fún ọ̀gá àgbà?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2014, ní sẹ́mínárì General ti Ìjọ Episcopal, ìyẹn ẹ̀ka Anglican ní Amẹ́ríkà, ní New York, olùkọ́ mẹ́jọ dáwọ́ iṣẹ́ dúró nítorí aáwọ̀ wọn pẹ̀lú ọ̀gá àgbà, ìgbìmọ̀ sì kéde pé ńṣe ni wọ́n fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti gbọ́.

Ìbéèrè: Kí ni ìjọ lè ṣe tí kò ní ná an lówó?

Ìdáhùn: Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kedere ẹni tó lè yan ọ̀gá àgbà, iye ọdún tí yóò lò, ẹni tó lè yọ ọ́ àti ẹ̀ṣẹ̀ tí a fi lè yọ ọ́, kí ó sì fi kún un pé lẹ́tà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ yàrá tí a ti ń pinnu èsì ìdánwò. Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù ni ọ̀rọ̀ ìṣípòpadà. Olùkọ́ tó jẹ́ alùfáà wà lábẹ́ àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù sì lè gbé e lọ sí ìjọ ńlá kan láàárín sáà ẹ̀kọ́, pẹ̀lú èrò pé ìgbéga ni òun ṣe fún un. Bí ó bá jẹ́ olùkọ́ náà nìkan ló gbọ́ èdè Hébérù nílé-ẹ̀kọ́ náà, kíláàsì rẹ̀ yóò wà bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà tí ẹlòmíràn bá kàwé dé ibi tí òun kà á dé.