Ìtọ́jú eyín fún àwọn ọmọ tó ní ectodermal dysplasia

Ectodermal dysplasia ni orúkọ àpapọ̀ fún àwọn àìsàn àjogúnbá tí kì í jẹ́ kí irun, eyín, èékánná àti ihò òógùn ọmọ dá bó ṣe yẹ láti inú oyún. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ń wá látara àbùkù jíìnì EDA, tó wà lórí kúrómósómù X, ìyẹn fọ́nrán inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé jíìnì, tí ọkùnrin ní ẹyọ kan péré, tí obìnrin sì ní méjì; ìdí nìyí tó fi máa ń le lára ọmọkùnrin ju ọmọbìnrin lọ. Ní 1875, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Charles Darwin kọ nípa ìdílé kan ní Sindh, agbègbè tó wà ní Pakistan báyìí, tí eyín àwọn ọkùnrin wọn kò pé, tó sì jẹ́ pé àwọn obìnrin ni àìsàn náà ń gba ara wọn kọjá.

Ẹnu

Eyín tó ń hù kì í pé. Àwọn ọmọ kan kò tiẹ̀ ní ẹyọ kan. Èyí tó bá hù máa ń kéré, ó sì máa ń rí ṣóńṣó. Bí eyín ṣe ń hù ni egungun tó gbé e ró ń dàgbà, nítorí náà, níbi tí eyín kò sí, erìgì máa ń tín-ín-rín bí ojú ọ̀bẹ. Itọ́ pẹ̀lú lè má tó.

Eyín àtọwọ́dá

Ọ̀pọ̀ oníṣègùn eyín máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí ọdún 3, kó tó wọ ilé-ìwé, bó bá lè jókòó jẹ́ẹ́ kí wọ́n fi èròjà rírọ̀ gba bátànì ẹnu rẹ̀. Ti òkè kì í nira púpọ̀, torí pé àjà ẹnu fẹ̀, eyín náà sì lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ti ìsàlẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀: egungun ibẹ̀ kò tó nǹkan, ahọ́n ń tì í, itọ́ tí ì bá jẹ́ kó lẹ̀ kò sì tó. Eyín ṣóńṣó tó bá wà, wọn kì í ṣàdédé yọ ọ́, bó ti wù kó burẹ́wà tó. Kì í jẹ́ kí egungun ibẹ̀ joro, eyín àtọwọ́dá sì lè jókòó lé e lórí.

Bí àgbọ̀n ṣe ń gbòòrò ni eyín àtọwọ́dá náà á máa há. Wọ́n lè kọ́kọ́ fi èròjà kún inú rẹ̀ kó lè bá erìgì mu, ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, wọ́n á ṣe tuntun, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan kí ọmọ tó bàlágà. Àwọn kan máa ń la ti òkè sí méjì, wọ́n á fi skúrù sáàárín, wọ́n á sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ kó lè máa fẹ̀ bí àgbọ̀n ṣe ń dàgbà.

Implant

Ọ̀pá táíténíọ̀mù kékeré tí wọ́n ń gbìn sínú egungun yìí kì í bá àgbọ̀n dàgbà. Ojú kan ló ń dúró sí, tí egungun àyíká á sì ga jù ú lọ. Nítorí náà, wọ́n sábà máa ń dúró dìgbà tí ọmọ bá dàgbà tán. Iwájú àgbọ̀n ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń yọ̀ǹda rẹ̀ ṣáájú, fún ọmọ tí kò ní eyín kankan níbẹ̀, torí pé àárín àgbọ̀n náà ti so pọ̀ láti nǹkan bí ọdún kan àkọ́kọ́. Implant 2 lè tó láti di eyín àtọwọ́dá mú.

Ìtọ́jú mìíràn

Wọ́n lè fi èròjà aláwọ̀ eyín tún eyín ṣóńṣó ṣe, kí wọ́n sì fi wáyà tò ó. Flúóráídì, èròjà tó ń dáàbò bo eyín kó má baà jẹrà, ṣe pàtàkì níbi tí itọ́ bá ti gbẹ. Ọmọ tí kì í làágùn kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú yàrá tó móoru, pàápàá bí ibà bá ń ṣe é.