Fóònù Tó Kéré Jù Lọ Ni Kí Ẹ Fi Wọn Iṣẹ́ Yín

Nígbà tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa lóṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, ọmọ mọ́kànlélógójì ló wà ní kíláàsì mi, pírámárì karùn-ún, ní Òmù-Àrán níbí. Ṣọ́ọ̀kì ni mo mọ̀. Fóònù tí mo ní, mo fi ń pe ènìyàn, mo sì fi ń wo fọ́tò ìnáwó. Agùnbánirọ̀ kan tó ń sìn lọ́dọ̀ wa ló ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká fi WhatsApp kọ́ wọn." Òun ló bá mi ṣí gúrúùpù àwọn òbí.

Fídíò ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo fi fóònù ti agolo gààrí lójú fèrèsé, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé sára ilẹ̀kùn, mo sì fi ìṣẹ́jú 14 ṣàlàyé bí a ṣe ń pín nǹkan sí ìdá. WhatsApp kì í gba fídíò tó bá ju MB 16 lọ nígbà yẹn, nítorí náà a gé e sí márùn-ún. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá ọmọ kan tó ń ta èlùbọ́ dá mi dúró lójú ọ̀nà. "Àǹtí, ẹ má bínú o. Ẹyọ kan péré ni mo ṣí tí dátà mi fi tán. Ọmọ ò tíì rí nǹkan kan kọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Fídíò márààrún tó bí MB 80. Ká ní ohùn lásán ni mo fi ránṣẹ́, ìṣẹ́jú 14 yẹn kan náà kò ní kọjá bíi MB 2 sí 3. Ìdí rẹ̀ ni pé fídíò ń ya bí àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ ni dátà gbọ́dọ̀ gbé. Ohùn ò ní àwòrán kankan nínú, WhatsApp sì tún máa ń fún un pọ̀, á yọ ohun tí etí ò nílò kúrò. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún olùkọ́ tó bá bi mí: ẹ wá ẹni tí agbára fóònù rẹ̀ àti dátà rẹ̀ kéré jù lọ nínú àwọn òbí ọmọ kíláàsì yín, òun ni kí ẹ fi wọn iṣẹ́ tí ẹ máa fi ránṣẹ́. Bó bá ti wọ inú fóònù tiẹ̀, ti gbogbo wọn ló wọ̀.

Fọ́ìsì nóòtì, ìyẹn ohùn tí a gbà sílẹ̀ nínú WhatsApp, ní ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n ya gbohùngbohùn sí mọ́lẹ̀, ẹ fa ìka yín sókè kó lè ti ara rẹ̀, kí ọwọ́ yín lè sinmi. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó. Ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í. Nígbà tí mo tún ẹ̀kọ́ ìdá yẹn ṣe, mo ní, "Lọ bu ẹ̀wà wá nílé ìdáná. Ka méjìlá." Mo dákẹ́, mo ka méjìlá náà nínú ara mi. "Pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, kó dọ́gba." Mo tún dákẹ́. "Mélòó ló wà lọ́nà kan?" Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ yẹn gba ohùn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀wà ń ró kẹ́kẹ́kẹ́ lórí páànù, ọmọ ń kà á, ó sì wá kígbe pé "Mẹ́rin, Àǹtí!" Ohùn yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi dòní.

Ó wá ku ti fọ́tò. Mo fẹ́ fi àwọn ère òkúta Èsìẹ́ han àwọn ọmọ. Ọdún 1945 ni wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, kò sì jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n WhatsApp máa ń dín fọ́tò kù kó tó gbé e, ilà ojú ère wá di bàìbàì. Ẹ lè fi ránṣẹ́ lábẹ́ Document, kò ní dín in kù, àmọ́ yóò wúwo. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo máa ń gé orí ère náà nìkan jáde nínú fọ́tò, màá wá fi ìyẹn ránṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sórí Yorùbá tí ẹ bá ń kọ sí ọmọ. Kíbọ́ọ̀dù Google ní Yorùbá nínú, ẹ kàn lọ fi kún un níbi tí wọ́n kọ Languages sí.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Ẹnì kan pè mí, ó ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà fún àwọn olùkọ́, kí n ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù mi fún òun. Mo kà á. Kí n tó dáná oúnjẹ alẹ́ tán, gbájúẹ̀ ti ń fi orúkọ mi yáwó lọ́wọ́ àwọn òbí. Bàbá kan fi 5,000 náírà ránṣẹ́, ó rò pé ara mi ò yá. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé WhatsApp kò so mọ́ fóònù, nọ́ńbà ló so mọ́. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni kọ́ọ̀dù tí WhatsApp fi ń ṣílẹ̀kùn, ẹni tó bá ti ní in, òun ló ni ilé. Ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọmọ yín ló pè. Ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà Account, ẹ tan Two-step verification, kí ẹ yan nọ́ńbà mẹ́fà tiyín. Bí kọ́ọ̀dù bá tilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ olè, ilẹ̀kùn kejì ṣì wà níbẹ̀.

Gbogbo ẹni tó wà nínú gúrúùpù ló ń rí nọ́ńbà ara wọn, nítorí náà ẹ má ṣe fi ẹni tí kì í ṣe òbí síbẹ̀. Máàkì ọmọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀ nìkan. Àwòrán ọmọ nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lábẹ́, kì í ṣe ohun tí a ń gbé sórí Facebook láìgba àṣẹ òbí.

Ní ìpàdé òbí àkọ́kọ́ nínú táàmù kọ̀ọ̀kan, a máa ń yọ fóònù síta, a ó sì jọ fi nọ́ńbà mẹ́fà ti Two-step verification sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún yìí, òbí méjì ló mú fóònù alátọ́ọ̀ṣì wá, tí kò gba WhatsApp rárá. Àwọn méjèèjì ni mo máa ń pè ní aago méje alẹ́, lọ́jọ́ Tuesday àti Thursday. Ọmọ á ti jókòó ti fóònù, á ti bu ẹ̀wà sílẹ̀.