Kúnlé Afọláyan

Kúnlé Afọláyan jẹ́ òṣèré, olóòtú àti olùdarí eré sinimá ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ọmọ Àgbàmù ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Kwara, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ló gbé dàgbà. Òun ló ni ilé-iṣẹ́ Golden Effects Pictures.

Inú ilé eré ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ni Adéyẹmí Afọláyan, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ade Love, ọ̀gá ẹgbẹ́ alárìnjò tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé eré orí ìtàgé Yorùbá bọ́ sójú sinimá. Ade Love ló kópa olú ẹ̀dá ìtàn nínú Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí ní 1976. Nígbà tó kan Kádàrá, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn náà, òun ló darí rẹ̀, òun náà ló sì tún kó ipa tó ṣe kókó jù. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ní fíìmù ló ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú: wọn a gba gbọ̀ngàn, wọn a lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ara ògiri, àwọn èrò a sì sanwó lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé. Ade Love kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1996. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni Tóyìn Afọláyan, tí a mọ̀ sí Lọlá Ìdíjẹ. Mojí, Àrẹ̀mú àti Gabriel, tí wọ́n jẹ́ ọmọ bàbá kan náà pẹ̀lú Kúnlé, ń ṣeré bákan náà.

Kúnlé kò kọ́kọ́ tẹ̀lé iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa òwò ló kọ́, ó sì ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Ipa Arẹ́sẹ́jábàtà tó kó nínú Ṣaworoidẹ, fíìmù Túndé Kèlání tó jáde ní 1999, ló jẹ́ kí àwọn òǹwòran dá a mọ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní New York Film Academy ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó dé, ó dojú kọ Ìràpadà, tó jáde ní 2006.

Araromire, tí wọ́n tún ń pè ní The Figurine, ló sọ ọ́ di ẹni àmúyangàn ní 2009. Kemi Adesoye ló kọ ọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì tó ń sin ilẹ̀ bàbá wọn rí ère kan nínú ojúbọ tí wọ́n ti pa tì nínú igbó. Ère náà fún wọn ní ọdún méje ire, ọdún méje ibi sì tẹ̀ lé e. Fíìmù náà gba àmì-ẹ̀yẹ márùn-ún níbi ayẹyẹ AMAA (Africa Movie Academy Awards), tí wọ́n ti ń fún àwọn fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà ní àmì-ẹ̀yẹ, ní 2010. Ará Ìgbómìnà tó bá wò ó yóò rántí àwọn ère òkúta ìlú Ẹ̀sìẹ́, tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún, tí wọn kò sì jìnnà sí Àgbàmù rárá.

Lẹ́yìn èyí, eré rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jìnnà sí èdè Yorùbá. Phone Swap jáde ní 2012, The CEO ní 2016. October 1, tó jáde ní 2014, ló lágbára jù nínú wọn. Ó dá lórí ọlọ́pàá kan, tí Sadiq Daba ṣe, tí ìjọba rán lọ sí ìlú Akoté láti wádìí ikú àwọn ọ̀dọ́bìnrin nígbà tí òmìnira 1960 ku díẹ̀.

Mókálíìkì, tó jáde ní 2019, ló dá a padà sínú Yorùbá pátápátá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kan tó ti ilé ọlọ́rọ̀ wá lo ọjọ́ kan ṣoṣo ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ó ń wò bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì, bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn, bí wọ́n sì ṣe ń jẹun pọ̀. Kò sí ọba níbẹ̀, kò sí oògùn, èdè àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló gbé gbogbo eré náà ró. Ẹni tí kò tíì wo iṣẹ́ Afọláyan rí, èyí ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀.

Túndé Babalọlá ló kọ Mókálíìkì, òun náà ló sì kọ October 1 àti Citation. Citation, tó jáde ní 2020, sọ nípa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó fẹ̀sùn kan ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́ fi ipá bá a lò pọ̀. Inú ìwé ìtàn Sefi Atta ni wọ́n ti mú Swallow, tó jáde ní 2021.

Aníkúlápó bọ́ sórí Netflix ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Ṣọlá Dàda ló kọ ọ́. Sàrò, ahunṣọ-òfì, wọ Ọ̀yọ́ láti wá jíjẹ mímu. Ó kó sínú ìfẹ́ olorì Arọ́lákẹ́, wọ́n pa á, ẹyẹ Àkàlà sì jí i dìde. Àdó tí ẹyẹ náà ń lò bọ́ sọ́wọ́ wọn, Sàrò sì di ẹni tó ń jí òkú gba ẹ̀bùn. Ó gùn ju wákàtí méjì lọ, apá kan nínú rẹ̀ sì falẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ, ìlù àti ìkíni ààfin rẹ̀ jinlẹ̀. Òun ló gba àmì-ẹ̀yẹ fíìmù tó dára jù lọ níbi ayẹyẹ AMVCA (Africa Magic Viewers' Choice Awards) ní 2023. Ìjọ̀gbọ̀n, ìtàn àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin tó rí dáyámọ́ǹdì he lábúlé, jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà. Ìtàn Aníkúlápó sì tẹ̀ síwájú ní oṣù Kẹta 2024 gẹ́gẹ́ bí eré alápá púpọ̀ tí wọ́n pè ní Rise of the Spectre.

Afọláyan ti kọ́ abúlé eré kan sí Ìgbòjàyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó pè é ní KAP Film Village.